Aṣálẹ̀ Tó Tutù Tí Sèlíátù Ò Gbà Gbọ́

Ẹ fa àpótí yẹn sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ má jókòó sẹ́nu ọ̀nà, torí àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ yìí kiri pọ̀ ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú níbí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ Sèlíátù alágbàfọ̀ ni, ìyá Qamardeen, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń fọ aṣọ, èmi ni mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ ni wá, oṣù díẹ̀ ló fi ṣáájú mi dé ayé, nítorí náà "ó" ni màá máa pè é. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní "wọ́n", kó lọ pè é nílé tiẹ̀.

Sèlíátù ò gba nǹkan kan gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Oníbàárà á gbé aṣọ wá, á ní kò sí àbààwọ́n lára ẹ̀, Sèlíátù á yí i síta yí i sínú, á gbọ́ òórùn ẹ̀, á ti ọwọ́ bọ gbogbo àpò, á wá wo ojú ẹni náà pé, "Ọbẹ̀ ata wo nìyí?" Ó ní ìdílé àwọn ló ti wá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, lára àwọn tí bàbá ńlá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi sá kúrò l'Ékòó láyé ọjọ́un. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ti lé jáde nílé bàbá ẹ̀ rí kì í pa ojú méjèèjì dé sùn.

Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ọkọ ẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìfura gan-an. Sàlímọ́nù lorúkọ ẹ̀, ọkọ̀ yanrìn ló ń wà ní Èbúté. Lọ́dún kan ó ní òun ti ríṣẹ́ sí Kánò. Ó dágbére, ó lọ. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń pè. "Sèlí, ooru Kánò yìí fẹ́ẹ́ pa mí o. Mi ò lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì." Sèlíátù á máa káàánú ẹ̀, á ní kó máa mu omi dáadáa.

Ìparí ọdún lèyí. Ùsmán tó ń rán bàtà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà níwájú wa sì jókòó níbẹ̀, ọmọ Kánò gidi ni, ó ń gbọ́. Ó gbójú sókè.

"Màmá, Kánò wo lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kánò tiyín náà ni."

"Lásìkò yìí? Àwọn èèyàn mi ń wọ súwẹ́tà méjì-méjì. Ìyá mi ń yá iná."

 Sèlíátù sá aṣọ ọwọ́ ẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó fi ìborùn borí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọlọ́kọ̀ Èbúté léèrè ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló ti bá Sàlímọ́nù. Ìbẹ̀ṣẹ̀ tí kò jìnnà tó ibi tí èèyàn ń mú oúnjẹ dání fún. Ó jókòó níwájú ilé obìnrin kan, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ọmọ jòjòló. Sèlíátù dúró sí ìtòsí, ó ní, "Sàlímọ́nù, ẹ kú ooru Kánò."  Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀, ó wá ká aṣọ tó sá.

Látìgbà náà ló ti ní òun ti mọ ohun tí òun á máa fi mú òpùrọ́. Ó ní èèyàn lè purọ́, ojú ọjọ́ kì í bá a pa á. Ẹni tó bá ti pè é lórí fóònù láti ọ̀nà jíjìn, kó tó béèrè àlàáfíà, á ní, "Báwo lojú ọjọ́ ọ̀hún?" Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn máa ń ba èmi gan-an, tí mo bá lọ sí Ìrẹ̀sì, ìlú mi lókè, lọ kí àwọn èèyàn mi.

Ó wá kan Qamardeen, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Wẹ́dà ni, iṣẹ́ jíjó irin. Àwọn kan tó ń ri páìpù epo mú un lọ sí ìlú òkèèrè, wọ́n ní Kásákísítáànì ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà, ìgboro tó wà ń jẹ́ Kísílọ́dà. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe pè é. Ó fi ìyàwó ẹ̀ Baseerah sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn Lateefah, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ́dọ̀ Sèlíátù. Baseerah ń ránṣọ lọ́nà ọjà, ọmọbìnrin tó tutù, kì í gbóhùn sókè.

Oṣù keje ni Qamardeen kọ́kọ́ pè. Sèlíátù ní, "Báwo lojú ọjọ́ ọ̀hún?"

"Màámi, iná ni wọ́n dá sílẹ̀ níbí. Bàtà ń lẹ̀ mọ́ títì. Látìgbà tí mo ti dé, òjò ò tíì kán. Inú aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà."

Sèlíátù gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Alhaji Bùsàrí, torí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà. Alhaji ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni aṣálẹ̀ rí. Wọ́n ní tí èèyàn bá sin ẹyin sínú yanrìn ibẹ̀, á jinná. Ọkàn Sèlíátù balẹ̀. Ó padà dé, ó sọ fún mi pé, "Ìyá Oríyọmí, ọmọ mi ò jọ bàbá ẹ̀." A jọ jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ náà.

Àfi bó ṣe di oṣù kọkànlá.

"Màámi, otútù fẹ́ẹ́ pa mí."

Sèlíátù ní, "Ó ti kúrò nínú aṣálẹ̀ ni?" Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

"Ta ni?"

"Qamardeen ọmọ mi."

"Màámi, èmi náà ni. Mo ṣì wà níbẹ̀. Kísílọ́dà kan náà."

Ó gbé fóònù kúrò létí, ó ń wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ tó ní àbààwọ́n. Nígbà tó pa á, ó ní, "Ìlú kan ṣoṣo ló fẹ́ẹ́ jó o níná lóṣù keje tó sì ń gan lótútù báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́, kó rántí èyí tó pa lánàá."

Ìbẹ̀ṣẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà tí Qamardeen bá pè, á ní ká dákẹ́, á tẹ́tí sí ẹ̀yìn ohùn ẹ̀ bóyá òun á gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Kò gbọ́ ọ. Kò gbọ́ jẹnẹrétọ̀ náà. Ìyẹn gan-an wá dá kún ìfura ẹ̀. Ó ní níbo layé ni kò ti sí jẹnẹrétọ̀?

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Baseerah ní kó pè wá lórí fídíò, kí Màámi lè fojú rí i. Ó pè. A kó ara wa jọ sídìí tábìlì ìlọṣọ mi. Ọmọ náà yọ lóòótọ́, ó wọ aṣọ kan tó nípọn bíi tìmùtìmù, ó bò ó dé abẹ́ àgbọ̀n. Ètè ẹ̀ ti là. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ wà lẹ́nu ihò imú ẹ̀. Bó ṣe lanu báyìí láti kí wa, èéfín yọ.

Sèlíátù ní, "Kí lò ń fà?"

"Mi ò fa nǹkan kan, Màámi. Èémí mi ni."

"Mo bí ẹ, mo sì wẹ̀ ẹ́. Èémí ẹ kì í yọ èéfín."

"Otútù ló fà á."

"Oòrùn ń ràn lẹ́yìn ẹ, Qamar. Mo ń wò ó."

Lóòótọ́, oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ tónítóní. Ọmọ náà yí fóònù kó lè fi ẹ̀rí hàn wá. Ó fi ṣòkòtò kan tó sá sórí okùn hàn, ó já a, ó gbé e kalẹ̀, ṣòkòtò náà dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ bí ẹni pé èèyàn wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó, omi ara ẹ̀ ló dì."

Èmi pẹ̀lú Sèlíátù wo ara wa. Iṣẹ́ wa ni. Mo ní, "Sítáàṣì ni." Òun náà ní, "Sítáàṣì ni, ẹni tó pò ó ò sì mọ̀ ọ́n pò. Ó pọ̀ jù." Ó ní kí Qamardeen ṣí aṣọ ọrùn ẹ̀ kí òun wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Qamardeen ní ìta lòun wà, òun ò lè ṣí i. Sèlíátù fi ojú bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa rò pé orí ẹ̀ ló dàrú. Ẹ rántí Tìmílẹ́hìn, ọmọ ilé ẹ̀yìn wa. Ó ní òun ń lọ sí òkè òkun, wọ́n mú un gba aṣálẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé ní Líbíà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń jẹ́ kó pè sílé. Á ní ara òun le, á ní iṣẹ́ ń lọ, àṣé wọ́n dúró tì í ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú igi. Aṣálẹ̀ tí Alhaji ń sọ, ti Ọlọ́run ni. Lẹ́nu àwa tá a bí ọmọkùnrin ní Ìkòròdú, aṣálẹ̀, Líbíà ni. Ètè tó là, òùngbẹ. Ẹ̀jẹ̀ imú, wọ́n lù ú. Aṣọ tó nípọn, ó ń fi egbò pamọ́. Èéfín, wọ́n ti fún un ní nǹkan fà kó má mọ ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Qamardeen wá sọ pé gbogbo ètò ti parí, kí Baseerah àti Lateefah máa bọ̀ lóṣù kìíní.

Baseerah bú sẹ́rìn-ín, ó gbá ọmọ ẹ̀ mọ́ra. Sèlíátù ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde, ó sọ fún mi pé, "Ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń ní kó pe ìyàwó ẹ̀ wá."

Mo ní, "Bóyá ó kàn fẹ́ rí ìyàwó ẹ̀ ni, Ìyá Qamar. Ọmọkùnrin ni."

Ó ní, "Bàbá ẹ̀ náà ọmọkùnrin ni."

Bóyá ọ̀rọ̀ ì bá rọlẹ̀ tí Qamardeen bá pa ẹnu mọ́. Kò pa á mọ́. Nígbà tó tún pè, ó fẹ́ dá ìyá ẹ̀ lára yá, ó ní odò ńlá kan wà nítòsí òun, bí ọ̀sà tiwa, ó ní lánàá òun gba orí ẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́.

"O wọ ọkọ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn, Màámi. Gbogbo wa la fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n tiẹ̀ ń jókòó sórí ẹ̀ pẹja."

Sèlíátù rọra fi fóònù lé Baseerah lọ́wọ́. Ó jókòó sórí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, èyí tí kì í ṣe láé. Bàbá ẹ̀ pẹja lọ́sà Ẹ̀pẹ́ títí tó fi darúgbó, omi náà ni wọ́n ti gbé òkú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin kejì jáde. Ó ní, "Ìyá Oríyọmí, ẹni tó bá ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí omi, kì í ṣe èèyàn mọ́."  Èmi ọmọ òkè, kí ni mo mọ̀ nípa omi?

Ní ọjọ́ kejì, bí Baseerah ṣe lọ síbi iṣẹ́ rírán, Sèlíátù pọn Lateefah, ó wọ ọkọ̀ Ìtòìkín, ó kọjá sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́sàn-án òun nìkan ló dé.

Baseerah dé nírọ̀lẹ́. Ó wo yàrá, ó wo ẹ̀yìnkùlé.

"Màámi, Lateefah dà?"

"Ó wà níbi tí omi ti ń jẹ́ omi."

"Ibo nìyẹn, mà?"

"Ọ̀dọ̀ Alhaji, l'Ẹ́pẹ́. Tó o bá fẹ́ẹ́ lọ bá ọkọ ẹ, mi ò dì ẹ́ mú, ìyàwó. Àgbà ni ẹ́. Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ò ní tẹ aṣálẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ni wá, Màámi. Àmọ́ èmi ni mo bí i."

"Èmi náà bí tèmi. Wò ó bó ṣe ń rìn lórí omi."

Ọmọbìnrin náà ò gbóhùn sókè. Ó kàn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, á kí ìyá ọkọ ẹ̀ láàárọ̀, á kúnlẹ̀ dáadáa, kò sì ní sọ nǹkan mìíì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ gba ọmọ ẹ̀, Alhaji ní kí ẹni tó gbé e wá ló máa wá gbé e. Ọjọ́ ìrìnàjò ń sún mọ́lé. Mo sọ fún Sèlíátù lójú ara ẹ̀ pé ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ẹ́ fi ìfura tú ilé tí irọ́ ò tíì tú. Ó ní tí òun bá ṣe àṣìṣe, ọmọ á sunkún díẹ̀. Tí òun ò bá sì ṣe àṣìṣe ńkọ́?  Mo kó èédú tuntun sínú áyọ́ọ̀nù mi.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an wá dé. A jí, ọyẹ́ ti wọlé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, kò kan ilẹ̀kùn. Ọ̀sà ò hàn láti Èbúté, eruku ti bò ó. Sèlíátù fẹ́ràn ọyẹ́ torí aṣọ tó bá sá á ti gbẹ kó tó fọ èyí tó kù tán. Ó fi òrí pa ètè, ó ń fọ̀ ó ń sá. Ètè ẹ̀ ti là láàárín. Èmi, imú mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, mo fi òwú dí i. Ùsmán wọ súwẹ́tà jókòó sábẹ́ igi ẹ̀, àgbálùmọ̀ ti ń so lórí ẹ̀.

Fóònù Baseerah dún. Ó gbé e sórí tábìlì mi, ó jẹ́ kó pariwo kí gbogbo wa gbọ́, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Qamardeen ní, "Ẹ fún mi ní Lateefah."

Baseerah ní, "Ẹ bi Màámi."

Sèlíátù ò nu ọwọ́ ẹ̀ pàápàá. Ó tẹ̀ síwájú fóònù pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Qamar, ta ló dì ẹ́ mú?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹnì kankan ò bá òun rẹ́rìn-ín, ó ṣíwọ́ ẹ̀rín. "Kò sẹ́ni tó dì mí mú, Màámi. Nítorí ìyẹn lẹ ṣe gbé ọmọ mi pamọ́?"

"Sọ bí otútù yẹn ṣe rí fún mi. Má fi òyìnbó sọ ọ́. Má fi ṣòkòtò sítáàṣì hàn mí. Sọ ọ́ bí ẹni tí mo bí."

 A ń gbọ́ atẹ́gùn lọ́dọ̀ ẹ̀.

"Ọyẹ́ ni, Màámi. Mi ò mọ ohun mìíì tí mo lè pè é. Ètè á là, ẹnu ò ní ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Imú á gbẹ títí á fi ṣẹ̀jẹ̀. Oòrùn á yọ, kò ní mú ara gbóná. Òrí tẹ́ ẹ dì fún mi ti le bí òkúta, inú àpò ni mo ń fi í sí kó tó rọ̀. Èyí tó ń wá sọ́dọ̀ yín, àlejò ni, á kí yín, á lọ. Èmi, ilé ẹ̀ ni mo wà. Kì í lọ síbì kankan títí di oṣù kẹta. Tó bá wá lọ tán, oòrùn á gbàjọba."

 Mo fọwọ́ kan òwú tó wà nímú mi. Mo rí i tí Sèlíátù ń wo òwú náà, tó wá fi ahọ́n kan ètè ara ẹ̀.

Ó ní, "Ùsmán."

"Màmá."

"Ọyẹ́ yìí, níbo ló ti ń wá?"

"Ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa ni, Màmá. Ó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀, lókè Kánò."

"Aṣálẹ̀."

"Ẹn."

"Ṣebí aṣálẹ̀ gbóná."

"Ó gbóná. Tó bá di àsìkò yìí, ó tutù." Ó fi abẹ́rẹ́ gún bàtà. "Àbí ẹ ti gbàgbé ooru Kánò?"

Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Sèlíátù wò mí, mo gbé e mì. Ó yíjú sí fóònù padà.

"Àwọn ọmọ kéékèèké wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀, Màámi. Ilé ìwé ni wọ́n ń lọ."

"Kí ni wọ́n ń wọ̀?"

"Aṣọ lórí aṣọ. Ojú wọn nìkan lẹ máa rí."

"Ti rírìn lórí omi yẹn, mi ò gbà á."

"Màámi."

"Mo ní mi ò gbà á. Lateefah ò gbọ́dọ̀ tẹ orí ẹ̀."

"Kò ní tẹ̀ ẹ́, mà."

"Màá máa bi í fúnra mi. Òun ò tíì mọ irọ́ pa."

Ó wá yíjú sí Baseerah tó di ara ẹ̀ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ìyàwó, súwẹ́tà tí ọmọ yẹn wọ lọ́yẹ́ tó kọjá, ó ṣì ń bá a mu?"

"Ó ti kéré, mà."

"Rán òmíì. Kó nípọn. Fi ààyè sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó fọ ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, ó fa ìborùn ẹ̀ sórí. Abọ́ mẹ́ta kún fún aṣọ tó ti rẹ sínú omi, funfun àti aláwọ̀, ohun tí Sèlíátù ò fi sílẹ̀ rí.

Mo ní, "Ìyá Qamar, ibo lo ń lọ? Aṣọ àwọn oníbàárà wà nínú omi."

"Bá mi ṣan án," ó ní. "Ọyẹ́ wà níta, á tètè gbẹ."

Ó bọ́ sí ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ Ìtòìkín tó ń lọ lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ó sì wọ̀ ọ́.